Kókó Tí Mo Bá Bàbá Oníṣirò Ta

Ẹ̀rù máa ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akọni ló ń kọ ìwé yìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, iṣẹ́ àwọ̀n ni mo sì ti ń ṣe láti kékeré ní Ajídò, ní etí ọ̀sà. Mo lè wa ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń jà. Ṣùgbọ́n bí alángbá bá já lulẹ̀ lójijì láti orí páànù, ìyàwó mi á ní kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n mu omi.

Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwa, ilé onípákó kan tó kọjú sí omi. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì, nílé àti lókè òkun, kó tó padà wá jókòó sílé bàbá rẹ̀. Dàá ni gbogbo wa ń pè é, bí àwa Ẹ̀gùn ṣe ń pe àgbà ilé. Nígbà tó fi máa kú, àwọn kan ní ó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, àwọn kan ní ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bi òun alára, á ní òun kò mọ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé ìrìbọmi rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rí tó dájú fún èyíkéyìí. Ọkùnrin tó fi ìṣirò jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀, kò gbà láti ka ọdún ara rẹ̀.

Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti lọ. Lẹ́tà tó bá kọ sí òkè òkun á pẹ́ títí, á wá padà bó ṣe lọ, pẹ̀lú ìlà pupa tí wọ́n fà la orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí kọjá. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé nínú gbogbo ẹni tó lè wo iṣẹ́ òun kó sọ pé òun ṣìnà, ó ku ẹyọ ẹnì kan, obìnrin kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òun nígbà kan, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí.

“Ara mi le,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn mọ́.”

Okùn ló so èmi àti òun pọ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó dé tó fi wá bá mi níbi tí mo ti ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn, tó dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, tó ń wò mí bí ẹni ń wo ọlọ́ṣà.

“Ìwọ aláwọ̀n, bí okùn bá lọ́ mọ́ra, báwo lo ṣe ń mọ̀ pé kò ṣeé tú?”

“Dàá, màá máa tú u títí á fi sú mi ni.”

“Ìyẹn fi hàn pé ó sú ọ. Kò fi hàn pé kò ṣeé tú.”

“Tó bá ti sú mi, màá fi ọ̀bẹ gé e, sà.”

“Abájọ tó fi jẹ́ àwọ̀n lò ń ṣe,” ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti dì í mú.

Àṣé iṣẹ́ ọ̀gá náà nìyẹn. Èmi ti rò pé òǹkà ni gbogbo oníṣirò ń kà. Rárá o. Orí kókó ni Dàá fi ayé rẹ̀ ṣe. Á mú okùn, á ta á ní kókó, á wá so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ tí kò fi ní ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, láì gé okùn yìí, ṣé èèyàn lè fà á, kó yí i, kó tẹ̀ ẹ́, títí táá fi di òrùka lásán? Òmíràn á ṣe bẹ́ẹ̀. Òmíràn kò ní ṣe é láéláé, bí ẹ tilẹ̀ jókòó tì í títí ayé. Ohun tó ń wá ni bí èèyàn ṣe lè mọ èyí tí kò ní ṣe é, kó mọ̀ ọ́n dájú láì fọwọ́ kàn án. Irú kókó kan wà tó máa ń gùn sí i, tó ń ta lé ara rẹ̀ lórí. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú ló ti fẹ́ fi hàn pé kò sí ẹyọ kan nínú irú rẹ̀ tó ṣeé tú, bó ti wù kó gùn tó.

Ó fún mi ní ọ̀kan lára irú okùn bẹ́ẹ̀ pé kí n máa fi ṣeré. Mo fi òjò ọdún mẹ́ta tú u, kò tú. Ó ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa.

Pátákó dúdú mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ rẹ̀, ní ibi tí ẹlòmíràn máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí. Èmi ni mo máa ń kùn wọ́n nígbà òjò, bí a ti ń ṣe nílé ìwé wa láyé ọjọ́un: ẹ̀ẹ́ fọ́ bátìrì ògbólógbòó, ẹ̀ẹ́ lọ èédú inú rẹ̀ mọ́ ewé ẹ̀gẹ́, ẹ̀ẹ́ fi aṣọ rẹ́ ẹ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ilé ìwé kọ́ mi tí mo mọ̀ yanjú nìyẹn. Ní àràárọ̀, mo máa ń gbọ́ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ láti àgbàlá wa. Bó bá kọ ìlà kan tán, á fi orí ṣọ́ọ̀kì kan pátákó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó, kó, kó, kó tó bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Bí iṣẹ́ kan bá wá parí pátápátá, á ya àpótí kékeré kan sí ìsàlẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì kún inú rẹ̀ títí yóò fi funfun.

Mo bi í pé kí ni àpótí yẹn.

“Ilẹ̀kùn ni. Mo ti tì í.”

“Ta lẹ ò fẹ́ kó wọlé, Dàá?”

“Iyèméjì.”

Ó wá sọ fún mi pé nígbà ọ̀dọ́ òun, òun ya àpótí sí ìdí iṣẹ́ kan, òun sì fi í ránṣẹ́ káàkiri. Àwọn èèyàn kọ́ iṣẹ́ tiwọn lé e. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òun rí ihò nínú rẹ̀ níbi tí òun ti ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́. Òun kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n má gba òun gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá ṣe iṣẹ́ kan tán, á fi í sílẹ̀ lórí pátákó fún odidi oṣù kan, á máa wò ó láràárọ̀, kó tó ya àpótí sí i. Mo mọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo mọ̀ ọ́n.

Àṣà kan wà ní agbo ilé wa, láàárín àwa aláwọ̀n. Bí ẹni tó ń ṣe àwọ̀n bá kú tí àwọ̀n sì wà lórí abẹ́rẹ́, ẹni tó sún mọ́ ọn jù nídìí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá a ta kókó tó kẹ́yìn kí wọ́n tó gbé e jáde nílé. Á ta á, á gé okùn, á gbé abẹ́rẹ́ kọ́ ògiri. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú náà á máa padà wá láràárọ̀ láti wá orí okùn rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ló yẹ kí n ta kókó náà. Ojora mú mi, mo sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Ajárá, mo ní inú ń run mí. Ọjọ́ kẹrin ni mo padà wálé. Wọ́n ti sin bàbá mi, àwọ̀n náà sì wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, torí iṣẹ́ mi ni. Títí ìyá mi fi kú ló ń sọ pé òun ń gbọ́ abẹ́rẹ́ náà láàárọ̀ kùtùkùtù. Kò bá mi wí rí. Á kàn sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò ti ń ṣú.

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún Dàá, tí mo bá a lórí àga rẹ̀ níwájú pátákó àárín, tí orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ṣọ́ọ̀kì ti dá sí méjì nílẹ̀, kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n pariwo. Ó yẹ kí n pe àwọn ẹbí rẹ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n pátákó ni mo kọ́kọ́ wò. Ìlà mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán kókó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí àpótí nísàlẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti sọ fún mi pé, “Aláwọ̀n, ó ku ojú kan.” Bí àwa aláwọ̀n ṣe ń sọ ọ́ tí ojú àwọ̀n bá ku ẹyọ kan ló sọ ọ́, kó lè yé mi.

Mo gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Mo mú ìdajì ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀. Àpótí tí mo yà wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tirẹ̀ náà ti ń wọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mo kún inú rẹ̀. Nígbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo rò pé kí n má ṣe é láàbọ̀, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kan pátákó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá pariwo. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé mo ti san ti bàbá mi náà pọ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n gbé òkú lọ sí Àgbádárìgì lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ìsìnkú. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn bá ọkọ̀ ojú omi dé. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn, ó sì wọ bàtà tí kò yẹ fún iyanrìn. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ó dúró níwájú pátákó àárín. Ó kà á láti òkè. Nígbà tí ojú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ó parí rẹ̀,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n, ó parí rẹ̀ kó tó lọ.”

Ó jókòó sórí àga Dàá, ó sì sunkún bí ọmọdé. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́. Obìnrin tó ń sunkún ni, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn nínú ẹkún náà. Mo ní kí n jẹ́ kó parí ẹkún rẹ̀ ná. Nígbà tó parí, ó ti ń fi fóònù ya pátákó. Ó ní òun á wọ̀ sí ilé kan nítòsí èbúté, òun á kọ́kọ́ dà á kọ dáadáa, òun á wá fi í ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn oníṣẹ́ kókó lágbàáyé, àti pé lọ́jọ́ ìsìnkú, òun á dìde níwájú gbogbo èèyàn láti sọ pé bàbá yìí kò kú lórí iṣẹ́ àṣetì. Ó wá dì mọ́ mi. Ó dúpẹ́ pé mo tọ́jú bàbá.

Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn, oòrùn wà lókè gan-an, àwọn obìnrin ń yan ẹja, rédíò kan ń kọrin. Mo gbọ́ ọ láti inú ilé tí mo ti fi kọ́kọ́rọ́ tì. Kó, kó, kó. Mo mú àjẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún gbé àjẹ̀ wọlé lọ bá òkú oníṣirò jà. Alángbá kan wà lórí igi àjà, ó ń mi orí. Mo rẹ́rìn-ín ara mi. Mo tilẹ̀ kí alángbá náà. Mo padà sídìí àwọ̀n. Kó, kó, kó. Ó dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń kọ ìlà kan. Kó, kó, kó.

Kò sí alángbá tó ń dúró de ìparí ìlà.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé mo ti ta kókó. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí àṣà ní kí n ṣe, síbẹ̀ ó padà wá. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Bí mo bá wọlé láti gbálẹ̀, ojú mi kì í kúrò lára àpótí yẹn. Ó ń funfun ju gbogbo ìyókù lọ. Mo wá ń rántí àwọn lẹ́tà tó kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n má gba òun gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, mo dìde láàárọ̀, mo lọ bá ìyàwó mi nídìí ààrò, mo ń bá a yí ẹja.

Ó wò mí. “Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ṣe?”

“Mo ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ni.”

“Ìgbà tí ẹ yan ẹja kẹ́yìn, ẹ ti gbàgbé àbúrò mi sí èbúté láti àárọ̀ dalẹ́. Kí lẹ ṣe?”

Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó yí ẹja mẹ́rin kó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀ẹ́ wá lọ sọ fún obìnrin náà.”

“Dàá ló ń dà mí láàmú, kì í ṣe obìnrin náà.”

“Dàá mọ ohun tí ẹ ṣe, ó ń wò yín. Obìnrin yẹn ni kò mọ̀.” Ó nu ọwọ́ sí aṣọ. “Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ ń kó èrò lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ yìí ló fẹ́ fi nǹkan yẹn ránṣẹ́. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wá ra ẹja.”

Mo sáré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í sáré. Mo dé èbúté, wọ́n ti ń fa ẹnjìnì ọkọ̀, ó ti jókòó pẹ̀lú ẹja yíyan lórí itan. Mo rìn wọ inú omi títí dé orúnkún, mo di ọkọ̀ mú.

“Màdámù, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Èmi ni mo ya àpótí yẹn.”

Àwọn èrò ń wò wá. Awakọ̀ ní tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti àpótí, kí a sọ ọ́ kíákíá. Obìnrin náà bọ́ sínú omi pẹ̀lú bàtà rẹ̀.

Inú pálọ̀ Dàá ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀: àwọ̀n bàbá mi, abẹ́rẹ́, ìdajì ṣọ́ọ̀kì, ojú kan tó kù. Ó gbọ́ mi tán. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?”

“Mo bá a ta kókó, kó lè sinmi.”

“Ẹ fi ọwọ́ yín purọ́ mọ́ ọn. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí kò purọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀ rí.”

Mo wo ilẹ̀. Ó dìde, ó lọ síwájú pátákó, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan nítòsí ìsàlẹ̀.

“Láti ìjẹta ni mo ti jókòó ti ibí yìí. Láti ìlà yìí sí èyí tó tẹ̀ lé e, n kò rí ọ̀nà tó gbà. Mo ti ń sọ fún ara mi pé àgbà ti dé sí mi, pé ọpọlọ mi ni kò gbé e mọ́. Àná, mo pinnu pé màá kàn gbà á gbọ́ torí pé ó ya àpótí.” Ó yíjú sí mi. “Ojú tó kù nìyí, àbí?”

“Màdámù, ìwé mẹ́fà ni mo kà.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, n kò retí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n pa àpótí náà rẹ́. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án, pé èmi tí mo ti ilẹ̀kùn ni kí n ṣí i. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi nù ún. Ṣọ́ọ̀kì náà wọ inú ìlà ọwọ́ mi, kò sì tètè lọ, bí mo ti fi ọṣẹ tó.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó dìde níwájú gbogbo èèyàn bó ti ṣèlérí. Ó ní bàbá yìí fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ku ojú kan, òun sì ti ń wá ojú náà. Àwọn àgbà aláwọ̀n mi orí. Ó yé wọn ju bó ṣe yé àwọn ará yunifásítì lọ.

Ó máa ń wá láti ìgbà dé ìgbà. Á jókòó sórí àga yẹn láti àárọ̀ di ọ̀sán, á máa wo pátákó àárín, èyí tí mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò ní kùn. Kò tíì rí i. Bó bá lọ tán, tí mo bá ti ilẹ̀kùn, ó lè jẹ́ ọjọ́ kan, ó lè jẹ́ ọjọ́ méjì, màá tún gbọ́ ọ. Kó, kó, kó. N kò gbé àjẹ̀ mọ́. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí ẹsẹ̀ pátákó. Bí mo bá sì fẹ́ wọlé láti gbálẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lè mọ̀ pé mò ń bọ̀.